Ṣéènì Tó Já Lójú Ọ̀nà Tré

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹjọ, 1966

Àlàbí mẹkáníìkì dorí kodò sórí ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi lónìí ní ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Dassa. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Nígbà tó gbórí sókè, kò rẹ́rìn-ín bó ti máa ń ṣe.

Ó ní, "Théodore, ṣé o gbọ́ bó ṣe ń dún ṣàkàṣàkà níwájú níbẹ̀ yẹn? Ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ni. Ó ti fà. Ọjọ́ tó bá já, àwọn irin inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn. Kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi wáyà dì."

Mo bi í pé èló. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹkì, ṣéènì tuntun àti owó iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni nǹkan náà á fi dé láti Kùtọnu.

Ọjọ́ mẹ́rin! Àwọn tó ń bọ̀ wá jọ́sìn ní ihò àpáta Màríà ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè láti àná. Mo ní kó jẹ́ kí àjọ̀dún kọjá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó ní, "Ìwọ lo ni mọ́tò."

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹjọ

Mo ti wà nídìí ọkọ̀ láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ. Láti ibùdó rélùwéè sí ihò àpáta, láti ihò àpáta sí ibùdó rélùwéè. Àwọn ará Àbọ̀mé, àwọn ará Sàvẹ̀, àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n di rósárì mú bí ẹni di okùn kànga mú. Orin gba gbogbo àárín àwọn òkè. N kò gbọ́ ṣéènì kankan. Ó lè jẹ́ pé orin ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹjọ

Mo ra ogún páánù. Claudine ìyàwó mi fọwọ́ pa wọ́n bí ẹni ń pa aṣọ tuntun. Ó ti di ọdún méje tí à ń sùn lábẹ́ koríko tó ń jò, tí à ń ti ibùsùn láti igun kan sí èkejì lóru òjò. Ó ní, "Bàbá Odette, ojú mi rí i."

Owó àjọ̀dún tó láti ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì. Mo ti ṣe ọ̀kan. Iṣu tuntun ti ń jáde ní abúlé Tré àti ní Kèrè, owó mìíràn á tún wọlé kí oṣù tó parí, màá wá fún Àlàbí ní tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Ariwo páánù dùn mọ́ Claudine débi pé kò jẹ́ kí a sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìró náà ń pọ̀ sí i. Tó bá ti gbóná, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀. Àlàbí pàdé mi níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní, "O ṣì ń wa nǹkan yẹn?" Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó kọjá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹsàn-án

N kò lè kọ nǹkan kan lánàá. Ṣùgbọ́n tí n kò bá kọ ọ́ lónìí, n kò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Àná ní ìdájí, mo wà ní Tré, mo ń to iṣu sẹ́yìn ọkọ̀. Grégoire sáré wá láti ìsàlẹ̀ abúlé, láìwọ bàtà, ṣòkòtò oko nìkan ló wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, kò sì sí ọjà kan tí kì í gbé iṣu fún mi láti bá a kó lọ sí Dassa.

Ó ní, "Àbúrò, Isabelle ti bímọ. Ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá."

A da iṣu sílẹ̀ sójú ọ̀nà bó ṣe wù kó dà. A tẹ́ ẹní méjì, a gbé ìyàwó rẹ̀ lé e. Ọmọ náà dúró lọ́wọ́ Euphrasie, àbúrò Grégoire obìnrin. Isabelle di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ohùn rẹ̀ kò ga, ó ń bèèrè bóyá ọmọ ti rí nǹkan mu.

Mo sáré. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sáré pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì yẹn, ṣùgbọ́n ta ni kò ní sáré? Ó ku kìlómítà mẹ́fà kí a dé Dassa, níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè láàárín àpáta méjì, ni ṣàkàṣàkà yẹn wá di gbàgà-gbàgà. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo tún dáná sí i: ẹ́ńjìnnì ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bíi pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣéènì ti já.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Grégoire bẹ́ sílẹ̀ tó ní ká tì í, mo jẹ́ kó tì í. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń lọ sóko ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n bá a tì í. Mo jókòó nídìí ọkọ̀ mo ń ṣe bí ẹni ń gbìyànjú. Wọ́n tì í gòkè, wọ́n jẹ́ kó yí padà sẹ́yìn, wọ́n tún tì í. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè ti ṣéènì tó ti já kó so padà. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé ó ti bàjẹ́, nítorí wọn á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀.

Níkẹyìn mo bọ́ sílẹ̀, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e."

Mo pọ̀n ọ́n bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Grégoire fi aṣọ dì í mọ́ mi lẹ́yìn. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ń rìn, mo ń sáré, mo ń rìn, ohun gbígbóná kan ń ṣàn wá sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi. Ẹnu rẹ̀ wà létí mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, mo ń ba aṣọ yín jẹ́."

Grégoire gbà á lẹ́yìn mi, mo tún gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù àwọn tó ń ṣe títì ló gbé wa ní kìlómítà méjì tó kẹ́yìn.

Ní ilé ìwòsàn, Léonard tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ojú mi ló wò, kì í ṣe ojú Grégoire. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ kúrò ní Tré?" Mo sọ fún un. Ó yára sínú iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣe gbogbo èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀sán tó lù, Isabelle ti lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹsàn-án

A sin ín lánàá ní Tré. Ilẹ̀ rọ̀ nítorí òjò, kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ tán.

Grégoire fi ọwọ́ rẹ̀ lé èjìká mi níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ó pọn ìyàwó mi sẹ́yìn nínú òjò." Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi. Èmi kò lè sọ pé àmín. Fáda sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni, kò sí ẹni tó mọ ọjọ́.

Ẹni méjì mọ ọjọ́. Àlàbí mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n fi okùn fa mọ́tò dé ìsọ̀ Àlàbí. Ó tú u sílẹ̀ lójú mi. Ṣéènì náà já sí ọ̀nà méjì, ó wọ́ sínú òróró bí ejò tí wọ́n pa. Gbogbo súpáápù, àwọn irin tó ń ṣí tó ń pa nínú ẹ́ńjìnnì, ti tẹ̀, orí àwọn písítọ́ọ̀nù méjì ti fọ́. Ó ń kó wọn sórí àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì fráǹkì.

Mo dúró de èébú. Bó bá bú mi, ì bá rọrùn. Ó kàn ní, "Mo gbọ́ pé obìnrin ló wà níbẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ bu omi, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ kírun, ó fi èmi àti àwọn irin yẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tú páánù. Mo ta gbogbo ogún fún oníṣòwò kan tó wá láti Sàvẹ̀, ó rà á ní ìdajì iye tí mo rà á nítorí pé ìṣó ti lu ú. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yá mi ní díẹ̀, mo ta kẹ̀kẹ́ mi, mo ta redíò. Àlàbí gbà pé kí n san ìyókù díẹ̀díẹ̀.

Claudine kò sunkún. Ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, ó bá mi yọ ìṣó. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ó ní, "Mọ́tò là ń jẹ, a kì í jẹ páánù." Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí òjò ṣú, mo rí i tó dúró láàárín yàrá, tó gbójú sókè wo ojú ọ̀run.

N kò tíì sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹwàá

Grégoire wá. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Tré, ó ru iṣu mẹ́wàá sórí. Ó ní òun gbọ́ pé mo tú orí ilé mi nítorí àtúnṣe ọkọ̀, pé ìyẹn dun òun, nítorí pé nítorí òun ni ọkọ̀ ṣe bàjẹ́.

Nítorí òun!

Claudine gbé omi wá. Ó mu ún, ó bèèrè Odette ọmọ wa, ó ní a dúpẹ́ pé òjò dá. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó bá wá. Ọmọ náà ń yè. Euphrasie ń fún un ní wàrà ewúrẹ́ àti omi ṣúgà, obìnrin aládùúgbò kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ sì ń fún un lọ́mú ní alẹ́. Wọ́n á ṣe ìsàmì fún un lọ́jọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́.

Ó ní, "Mo fẹ́ kí o jẹ́ bàbá ìsàmì rẹ̀. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ orúkọ rẹ. Kó máa jẹ́ Théodore. Nígbà tó bá dàgbà, màá lè sọ fún un pé ẹni tí o ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló pọn ìyá rẹ."

Mo dìde mo jáde. Mo ní mo fẹ́ wo ohun tó ń dún lẹ́yìnkùlé. Kò sí ohun tó ń dún. Mo fi orí ti ògiri títí mo fi gbọ́ tí Claudine ń bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Claudine lẹ́yìn Máàsì, gbogbo rẹ̀: Àlàbí, páánù, ogún ìṣẹ́jú tí mo fi jókòó nídìí ọkọ̀. Ó ń gé ilá. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún un."

Mo ní, "Ìyá Odette, ó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ mi."

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ yín á jí Isabelle? Ẹ kàn fẹ́ sọ ẹrù yín kalẹ̀ ni, ẹ fẹ́ gbé e lé ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ ti wọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ló kù fún un? Ohun tó kù fún un ni pé ẹnì kan ṣe rere fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ fẹ́ gba ìyẹn náà."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó padà sídìí ilá rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Èmi ni mo fẹ́ páánù." Mo ní kì í ṣe òun. Ó ní, "Èmi ni mo fẹ́ ẹ," ó sì gbé àwo ilá náà, ó wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹwàá

Gbogbo nǹkan ti dé láti Kùtọnu, Àlàbí ti tò ó pọ̀. Ó dáná sí i ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó dún tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ bí ohùn ẹni tó sùn dáadáa. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ pàtẹ́wọ́.

Àlàbí wò mí. Ó ní, "Inú rẹ kò dùn."

Mo ní, "Grégoire fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ mi."

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Èmi náà ò sùn. Mo rí ọ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, mo kọjá lọ. Mo lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ, n kò gbà á. Mo sọ pé ṣé èmi ni mo ni mọ́tò?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. "Lọ sọ fún un, Théodore. Tí o kò bá lọ, ọmọ yẹn á máa jẹ́ irọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí Tré. Mo fi ẹsẹ̀ lọ. N kò lè gbé mọ́tò yẹn dé iwájú ilé rẹ̀.

Ó ń so iṣu mọ́ ọgbà lẹ́yìn ilé. Euphrasie jókòó lábẹ́ igi, ọmọ náà sùn sí itan rẹ̀. Grégoire rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó nawọ́ àpótí sí mi. N kò jókòó.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Àlàbí ti sọ fún mi láti oṣù Kẹjọ pé ṣéènì yẹn máa já. Mo gbọ́. Mo ní owó rẹ̀ lọ́wọ́. N kò tún un ṣe."

Ó ṣì di okùn ọgbà mú. Ó ní, "Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

"Kí lo fi owó náà ṣe?"

"Mo fi ra páánù."

Ó so iṣu kan. Ó fi ìka rẹ̀ fa okùn náà, ó rí i pé ó le. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ohun tí mo ti ń gbàdúrà kó má bèèrè. Ó ní, "Nígbà tí à ń tì í, o mọ̀ pé kò ní gbéra?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

Euphrasie pariwo kan ṣoṣo, ó sì fi aṣọ bo ọmọ náà lójú, bí ẹni pé kò yẹ kó rí mi. Grégoire kò pariwo. Ó wo ìhà ibi tí àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ ti ń jẹko lẹ́bàá àpáta.

Ó ní, "Mo ní ewúrẹ́ mẹ́sàn-án. Ká ní o wá bá mi pé, ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tó ń kó iṣu wa fẹ́ bàjẹ́, n kò ní owó. Irọ́ ni ì bá jẹ́, nítorí o ní owó. Ṣùgbọ́n ǹ bá ta mẹ́rin nínú wọn."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde. Máa lọ sílé. N kò fẹ́ gbé ọwọ́ sókè níwájú ọmọ yìí."

Mo rìn dé Dassa. Oòrùn mú gan-an. N kò rántí ọ̀nà náà rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti ṣe ìsàmì ọmọ náà. Zéphirin ni wọ́n pè é. Claudine lọ, ó dúró lẹ́yìn pátápátá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọmọ náà kò sunkún nígbà tí omi kàn án. Ó ní ojú Grégoire ti rù.

Èmi lọ sí ibojì Isabelle. Mo fọ àwọn òkúta tó yí i ká.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀rọ̀ ti tàn ká. Ní Tré, àwọn kan kò gun ọkọ̀ mi mọ́. Ní Kèrè, ọkùnrin kan tutọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo kọjá. Àwọn mìíràn ṣì ń gùn ún nítorí pé kò sí ọkọ̀ mìíràn. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo ń san gbèsè Àlàbí, mo sì ń gbé ọkọ̀ lọ fún un kó wò ó ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òkè kò hàn dáadáa láàárọ̀.

Mo dúró ní ìkòríta Tré, mo ń dúró de èrò. Grégoire jáde wá láti ìsàlẹ̀ abúlé, Euphrasie tẹ̀ lé e, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà. Ọmọ náà ń wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ tó ń mú gbogbo ara rẹ̀ fò. Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn, n kò mọ bóyá kí n kí i. Mo kí i.

Ó ní, "Dáná sí i."

Mo dáná sí i.

"Ṣí ojú rẹ̀."

Mo ṣí ojú ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin yìí kò tíì wo inú ẹ́ńjìnnì rí láyé rẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dẹ etí kan sí i, ó tún dẹ èkejì sí i. Àwọn èrò dúró, wọ́n ń wò ó. Euphrasie ń gbá ẹ̀yìn ọmọ náà jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ sí i." Mo wọlé, mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó tún tẹ́tí. Ó ní, "Jẹ́ kó rọlẹ̀." Mo jẹ́ kó rọlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo di ìdarí ọkọ̀ mú, mo sì rí i pé mo ti ń mí bí ẹni tí wọ́n ń wá nǹkan lára rẹ̀.

Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó nà ró. Kò wò mí. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó wọlé síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ yí i ká, ó sì sọ fún Euphrasie pé, "Wọlé. Ó ń dún dáadáa."